Ọkọ̀ òfurufú fọ́ ní Texas, olómàlúù gba owó ọ̀dá

Láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2003, ìró ńlá kan dún lókè ní ìlà-oòrùn Texas ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Àwọn tó gbọ́ ọ pè é ní ààrá. Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, ojú ọ̀run mọ́ roro, kò sí ìṣúdẹ̀dẹ̀ òjò níbì kankan, èéfín funfun kan ṣoṣo ló ń lọ́ bíríbírí lójú sánmọ̀. Columbia ló fọ́, ọkọ̀ òfurufú tí NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, fi ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú. Ó ti lo ọjọ́ 16 lókè, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 kó balẹ̀ sí Florida. Èèyàn méje ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó yè.

Àfọ́kù rẹ̀ já káàkiri. Ó já sínú igbó páìnì, sórí òrùlé, síbi ìgbọ́kọ̀sí láàárín ìgboro Nacogdoches, sínú pápá tí màlúù ti ń jẹko ní San Augustine àti Sabine, títí lọ sí ẹnu ààlà Louisiana. Wọ́n kìlọ̀ fáwọn ará ìlú pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin tàbí àwo dúdú tó bá rí nílẹ̀, nítorí epo olóró tó lè wà lára rẹ̀. Ìlú Lufkin ni wọ́n ti darí ìwákiri náà. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló kópa nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn ní ìlà gbọọrọ gba inú ẹ̀gún àti ẹrẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n rí kó jọ jẹ́ ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Ní 27 oṣù Kẹta, hẹlikọ́pítà kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí já, èèyàn méjì tún bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà já gan-an ni Ààrẹ George W. Bush ti kéde pájáwìrì fún Texas àti Louisiana, kí owó ìjọba àpapọ̀ lè ṣeé ná sórí iṣẹ́ yìí. Kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ìṣòro dé gidi, ìjọba sì dìde sí i.

Màlúù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Síbẹ̀, kí ọdún tó yí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn olómàlúù ládùúgbò yẹn ti gba nǹkan bí mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba lórí ìkéde yìí, lábẹ́ ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọ̀dá òjò. Wọn ò jalè, wọn ò sì parọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ níbí, nítorí ó jọ mí lójú pé ibi tí àwọn èèyàn sábà máa ń wá olè sí lórí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ kọ́ ni owó ti máa ń jò.

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 2002, ọ̀dá mú gidi ní àárín Amẹ́ríkà àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ní Colorado, ní Wyoming, ní Nebraska, ní apá ìwọ̀-oòrùn South Dakota, koríko gbẹ láì tíì ga tó ojúgun. Ibi tí ẹran ti ń mumi gbẹ di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì sán. Ọ̀nà méjì péré ló kù fún ẹni tó ní màlúù. Kó máa ra koríko gbígbẹ tí iye rẹ̀ ń lé sí i lójoojúmọ́, tàbí kó kó ẹran lọ sọ́jà láìtọ́jọ́, níbi tó ti máa bá gbogbo aládùúgbò rẹ̀ pé àwọn náà ti kó tiwọn dé. Ọjà á kún, owó á já wálẹ̀. Abo màlúù tí bàbá rẹ̀ ti ń sin ìran rẹ̀ bọ̀, tó bá ti lè tà á, kò dájú pé ó máa rí irú rẹ̀ rà nígbà tí òjò bá padà.

Ọdún ìdìbò sì ni. Ní South Dakota, Tim Johnson ti ẹgbẹ́ Democrat ń du ipò sẹ́nétọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú John Thune ti ẹgbẹ́ Republican, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì ń wo ìjà wọn, nítorí ìjókòó kan péré lè yí ilé aṣòfin àgbà padà. Ní 15 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Bush wá sí Mount Rushmore ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀ ń retí owó ọ̀dá lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó sọ fún wọn ni pé inú owó tó ti wà nínú òfin ọ̀gbìn tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ti wá ìrànwọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ni nínú. Kò tó ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ní 19 oṣù Kẹsàn-án, Ann Veneman tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn jáde, ó ní mílíọ̀nù 752 dọ́là ti wà nílẹ̀ fáwọn ẹlẹ́ran ọ̀sìn tí ọ̀dá bá. Wọn ò lọ sílé aṣòfin tọrọ rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà, ti ọdún 1935, tó ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹnubodè sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lọ́dọọdún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti bù ú. Nígbà tí wọ́n dìbò tán ní oṣù Kọkànlá, ìbò 524 ni Johnson fi borí Thune. Mi ò sọ pé tìtorí ìbò ni owó ṣe jáde. Kàlẹ́ńdà ni mo kàn ń kà.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí káúńtì rẹ, tó sún mọ́ ohun tí à ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, bá ti wà lára èyí tí ìjọba kéde pé ọ̀dá bá, o ti wọlé. Wàá lọ sí ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ tó wà ní káúńtì náà, wàá kọ iye ẹran tó o ní àti irú tí wọ́n jẹ́, wàá fọwọ́ sí i. Abo màlúù tí wọ́n ń sìn fún ẹran jíjẹ, dọ́là 18. Èyí tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀, dọ́là 31 àti sẹ́ǹtì 50. Àgùntàn tàbí ewúrẹ́, dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 50. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ gbà ju 40,000 dọ́là lọ.

Wọn ò bi ọ́ bóyá ọ̀dá pa nǹkan kan lára ẹran rẹ. Wọn ò bèèrè ìwé tó o fi ra koríko, wọn ò sì bi ọ́ bóyá òjò rọ̀ lóko rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá ti gba fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ rí nílé wa mọ̀ pé ìwé baálẹ̀, fọ́tò oko, káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà báńkì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà tán lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n tó wá sọ pé owó ò tíì dé. Tọ̀hún yàtọ̀. Bó o bá ní ẹran, tí ẹran náà sì wà láàárín ààlà káúńtì, ó parí.

Ó nídìí. Bí ìjọba bá ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ wo oko kọ̀ọ̀kan ní ìdajì orílẹ̀-èdè tó tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹran á ti kú tán kí owó tó jáde. Ẹni tí ebi ń pa kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Èmi náà ò bá yan èyí tó yá, bó bá jẹ́ pé ìjọba tó ń kéde ọ̀dá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Gbogbo ẹrù ìṣòótọ́ ètò yìí, orí ìkéde nìkan ló wà. Bí ìkéde bá ti yẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ tó máa gbà á dúró.

Ẹ sì wo bí owó náà ṣe kéré tó lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀dá bá ní tòótọ́. Màlúù ńlá kan lè jẹ koríko gbígbẹ tó kílò 12 lóòjọ́. Ká ní dọ́là 100 ni wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kan, dọ́là 18 kò ní bọ́ ọ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ọ̀dá sì ti ń bá a fínra láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún màlúù ní Nebraska gba 1,800 dọ́là. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún níbi tí koríko ti tutù yọ̀yọ̀ gba iye kan náà, bí káúńtì rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé. Ti àkọ́kọ́, kò tó o. Ti èkejì, ẹ̀bùn ni.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé aṣòfin ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Àwọn aṣòfin fẹ́ kí ètò náà tẹ̀ síwájú, àwọn tí káúńtì wọn ò sí nínú ti àkọ́kọ́ sì ń pariwo. Òfin tí Bush fọwọ́ sí ní 20 oṣù Kejì 2003 ló tún un ṣe. Lábẹ́ rẹ̀, kò di dandan mọ́ kó jẹ́ ọ̀dá. Káúńtì yòówù tí ààrẹ tàbí mínísítà ètò ọ̀gbìn bá ti kéde àjálù fún láti 1 oṣù Kìíní 2001 títí di ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin náà ti wọlé. Àjálù èyíkéyìí ni. Òfin kò béèrè bóyá ó kan ẹran.

Columbia já ní ọjọ́ kìíní oṣù. Òfin parí ní ogúnjọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ìkéde ọkọ̀ òfurufú fi bá a.

Báyìí ni àwọn káúńtì igbó páìnì ìlà-oòrùn Texas ṣe di ibi ọ̀dá nínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè rò pé gbogbo Texas ni aṣálẹ̀ àti ẹ̀gún ọ̀rọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Nacogdoches lọ́dún kan tó nǹkan bí 1,200 mílímítà, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti Ìbàdàn. Ilẹ̀ tútù ni, ilẹ̀ odò àti adágún, ilẹ̀ ẹ̀fọn.

Ọdún 2006 ni ìwé ìròyìn Washington Post tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Lára àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ni àgbẹ̀ oníwàrà kan tó gbọ́ ìró náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó bọ́ síta, tó sì rí èéfín. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà nígbà tó gbọ́ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àjálù tó lè tó 40,000 dọ́là. Àfọ́kù tó já súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù lọ wà ní máìlì mẹ́wàá sí ogún sí ibi tí màlúù rẹ̀ wà. Mo ti gbìyànjú láti fi ara mi sípò rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ló sọ fún ọ pé owó rẹ wà níbí. Aládùúgbò rẹ ti gba tirẹ̀. Bó ò bá gbà á, kì í ṣe àwọn tó ń jìyà ní South Dakota ni wọ́n máa fún. Ta ló máa yí i padà?

Texas nìkan kọ́. Ní 28 oṣù Kejì 2001, ilẹ̀ mì ní ìpínlẹ̀ Washington, ìmìtìtì tí wọ́n ń pè ní Nisqually, tó wọn 6.8. Ààrẹ kéde àjálù lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí òfin 2003 dé, àwọn ẹlẹ́ran ọ̀sìn káúńtì kan níbẹ̀ gba mílíọ̀nù 1.6 dọ́là lórí ìmìtìtì tí kò ṣe ẹran wọn ní nǹkan kan. Ní Texas kan náà, káúńtì kan gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1 dọ́là nítorí yìnyín tó ti yọ́ tán lọ́dún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó dá ètò náà sílẹ̀. Ní Wisconsin, ìjì yìnyín ìgbà òtútù ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Wisconsin. Ibi tí yìnyín ò bá ti rọ̀ nígbà òtútù níbẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa kéde pájáwìrì fún.

Àròpọ̀ ohun tí ètò náà ná ní ọdún méjèèjì jẹ́ bílíọ̀nù 1.2 dọ́là. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù 635 ló lọ sí ibi tí ọ̀dá ò ti le tàbí tí kò tiẹ̀ sí rárá. Ó lé ní ìdajì. Mílíọ̀nù 5 ti ọkọ̀ òfurufú kàn jẹ́ èyí tó yani lẹ́nu jù ni. Ìpín rẹ̀ kéré gan-an nínú owó tó ṣìnà.

Ẹ̀bi ta ni? Mo ti sọ pé mi ò lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì káúńtì náà ńkọ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo orúkọ káúńtì nínú ìwé, ó sì wò ó. Bó bá kọ̀ láti sanwó fún ẹni tí òfin ní kó sanwó fún, òun gan-an ló ṣẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà wà lórí àwọn tó yọ ọ̀dá kúrò nínú òfin ọ̀dá. Mo sì fura pé wọn ò pète ibi. Aṣòfin tí ìkún omi bá káúńtì rẹ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ pé ti ọ̀dá nìkan ni owó wà fún. Òmíràn á ní iná igbó ni tòun, òmíràn á ní ìjì. Dípò kí wọ́n jókòó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n kọ àjálù gbogbo sílẹ̀, kálukú sì mú nǹkan lọ fún ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan ní Àbújá.

Èyí tó dùn mí ni pé ohun tí wọn ì bá fi yà á sọ́tọ̀ ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 1999, gbogbo ọjọ́bọ̀ ni àwòrán ilẹ̀ kan ń jáde ní Amẹ́ríkà tó ń fi ibi tí ọ̀dá wà hàn, káúńtì sí káúńtì. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Nebraska ní Lincoln ló ń ṣe é pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti àjọ tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Àwọ̀ ìyeyè ni ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, a máa pọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tó burú jù á dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín owó yẹn wà lára àwọn tó ń ya àwòrán náà. Wọ́n kàn ò fi í pín owó.

Ọdún 2008 ni wọ́n tó so méjèèjì pọ̀. Òfin ọ̀gbìn ọdún yẹn sọ pé kí káúńtì tó gba owó koríko, ó gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀dá líle nínú àwòrán náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léraléra, lásìkò tí ẹran yẹ kó máa jẹko. Ibi tí ọ̀dá bá ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Fún ẹran tí àjálù bá pa, wọ́n ya ètò mìíràn sọ́tọ̀ tó ń san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀ lọ́jà, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ètò koríko ṣì ń lo ààlà káúńtì. Ẹni tí òjò bá rọ̀ lóko tirẹ̀ nìkan á ṣì bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbà. Àmọ́ ó kéré tán, ọ̀dá ti padà sínú owó ọ̀dá.

Òfin tuntun náà ò pé ọdún mẹ́rin tí Texas fi rí ọ̀dá gidi. Ọdún 2011, ojú ọjọ́ gbẹ débi tí kò tíì gbẹ dé rí láàárín oṣù méjìlá látìgbà tí wọ́n ti ń kọ òjò ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà-oòrùn náà ò bọ́. Àwòrán ilẹ̀ náà pọ́n láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwọn olómàlúù kó ẹran lọ sọ́jà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí ẹní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àsìkò tí òfin 2008 fún ètò ìrànwọ́ náà tán ní 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an, ọ̀dá ò sì tíì lọ. Ọdún 2014 ni òfin mìíràn tó jí i dìde, tó ní kí wọ́n san ti ẹ̀yìn.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn 2011 yẹn ni omi adágún Nacogdoches fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ tí kò tíì rí oòrùn láti ọdún pípẹ́ hàn síta. Ohun kan yọ jáde nínú rẹ̀, ó rí róbótó, ó fẹ̀ tó mítà kan, ihò ńlá kan wà lára rẹ̀, ẹrẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Wọ́n pe àwọn NASA. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àgbá kan lára Columbia ni, láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn.